Láàárín Ọkọ̀ Òfuurufú àti Ilẹ̀

Ìbẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní fún fífò jáde láti inú ọkọ̀ òfuurufú dá lórí ìṣubú fúnra rẹ̀, nítorí pé ojú tí ó ń wo ilẹ̀ láti òkè a máa rò pé òfìfo ni ó wà láàárín, àti pé ohunkóhun tí ó bá jábọ́ sínú òfìfo náà ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èrò yìí kò tọ̀nà. Afẹ́fẹ́ jẹ́ ohun tí ó ní ìwúwo, tí ó ń gba àyè, tí ó sì ń ti ohun tí ó bá fẹ́ la inú rẹ̀ kọjá padà. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń fara tì í lè yí sí ọ̀tún tàbí sí òsì lórí rẹ̀, ó lè yára, ó sì lè falẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí olùfò, ìyẹn ẹni tí ó ń fò jáde láti òkè pẹ̀lú páráṣúùtù, máa bẹ̀rù ni pé àkókò tí ó ní kò pọ̀, àti pé gíga rẹ̀ sí ilẹ̀ ni a fi ń ka àkókò náà. Gbogbo ohun èlò tí a ti ṣe fún iṣẹ́ yìí láti ohun tí ó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, àti gbogbo ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó wọ inú ọkọ̀, ọ̀nà ni wọ́n láti lo gíga yẹn dáadáa kí ó tó tán.

Òfin tí ó ń darí ìṣubú kò ṣòro láti sọ. Òòfà ilẹ̀, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ ayé fi ń fa ohun gbogbo mọ́ra, ń fi nǹkan bíi mítà 9.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kún eré ohun tí ó ń jábọ́, ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá tí ó bá kọjá. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, àfikún yìí kò ní dáwọ́ dúró, òkúta àti ìyẹ́ adìẹ yóò sì jọ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí David Scott ti fi hàn nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1971 nínú ìrìn-àjò Apollo 15, nígbà tí ó dúró lórí òṣùpá, tí ó ju òòlù àti ìyẹ́ àṣá sílẹ̀ papọ̀, tí àwọn méjèèjì sì jọ balẹ̀. Ní ilé ayé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí eré ohun tí ó ń jábọ́ ti ń pọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ta kò ó sí i, àtakò náà sì ń yára pọ̀ ju eré lọ: bí eré bá di ìlọ́po méjì, àtakò afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ìgbà kan ń bọ̀ tí àtakò tí ó ń ti ìsàlẹ̀ wá yóò bá ìwúwo ara dọ́gba, tí eré kò sì ní lè pọ̀ mọ́. Eré tí ó bá wà lára ohun náà nígbà yẹn ni a lè pè ní eré òpin.

Fún ènìyàn tí ó dojú ikùn kọ ilẹ̀, tí ó sì tẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sórí afẹ́fẹ́, eré òpin yìí tó kìlómítà 190 sí 200 ní wákàtí kan, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 54 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Á gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 12 kí ó tó dé orí eré náà, á sì ti jábọ́ tó mítà 450 kí ó tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ara kò sọ fún un mọ́ pé ó ń ṣubú, nítorí pé àyípadà eré ni ara ń gbọ́, kì í gbọ́ eré fúnra rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ariwo afẹ́fẹ́ àti ìtì rẹ̀ ní àyà àti itan. Ẹni tí ó ń retí pé ọkàn òun yóò já bí ìgbà tí mọ́tò bá sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè , ẹnu máa ń yà á pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tí ó fò jáde nínú rẹ̀ ti ń sá tó kìlómítà 150 ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ iwájú sì ti gbá a mú kí òòfà ilẹ̀ tó fà á dé ibi kankan. Ní ìṣirò, ẹni tí ó jáde ní mítà 4,000, tí ó sì fẹ́ ṣí páráṣúùtù rẹ̀ ní mítà 1,500, ní ohun tí ó dín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan láti fi jábọ́. Bí kò bá ṣí i, ìṣẹ́jú àáyá bíi 28 ni ó kù fún un láti ibẹ̀ dé ilẹ̀.

Eré òpin kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, ibí sì ni ẹ̀kọ́ físíìsì ti ń di ohun tí olùfò ń lò lójoojúmọ́. Ìwúwo ara ń mú un pọ̀, ìbú ara tí ó kọjú sí afẹ́fẹ́ sì ń mú un kéré. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó sanra tí ó sì wúwo fi máa ń kọjá ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀ bí wọ́n bá jọ jáde, tí àwọn tí wọ́n fẹ́ di ọwọ́ ara wọn mú lójú òfuurufú fi ń ṣètò aṣọ wọn, kí ẹni tí ó wúwo wọ aṣọ tí ó fẹ̀, kí ẹni tí ó fúyẹ́ wọ èyí tí ó mọ́ ọn lára tàbí kí ó so òjé mọ́ ìbàdí. Ẹni tí ó bá dorí kodò, tí ó pa apá mọ́ra, á dín ìbú ara rẹ̀ kù débi pé eré rẹ̀ lè tó kìlómítà 240 sí 290 ní wákàtí kan. Òfin kan náà ni ó fa pé nígbà tí a bá so àlejò mọ́ àyà olùkọ́ kí wọ́n lè jọ fò, ìwúwo ènìyàn méjì wà lórí ìbú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹnì kan lọ, nítorí náà olùkọ́ á kọ́kọ́ ju páráṣúùtù kékeré kan sẹ́yìn kí ó máa fà wọ́n padà títí tí eré wọn yóò fi sún mọ́ ti ẹni tí ó dá fò. Àwọn tí wọ́n bá wo fídíò irú ìfò bẹ́ẹ̀ máa ń rò pé páráṣúùtù ńlá ni ó kọ̀ láti ṣí.

Kí ara tó lè dúró jẹ́ẹ́ lórí afẹ́fẹ́, a ní láti tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, kí ìbàdí wà nísàlẹ̀ jù lọ, kí orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sì ga sókè. Ní ipò yìí, ibi tí ìwúwo ara gbára jọ sí wà nísàlẹ̀ ibi tí àtakò afẹ́fẹ́ ti ń di ara mú, ara á sì máa dá ara rẹ̀ padà sí ìdojúbolẹ̀ láìjẹ́ pé olùfò ṣe wàhálà kankan. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: á ká orúnkún mọ́ ikùn, á wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì dà á nù sẹ́yìn. Àṣìṣe kékeré náà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. Bí ọwọ́ kan bá wà nísàlẹ̀ ju èkejì lọ, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ kúrò lábẹ́ apá kan, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí pòòyì, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kíkankíkan lẹ́yìn náà.

Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti ki, olùfò kò ní ohun tí yóò fara tì. Joseph Kittinger, ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mọ èyí dáadáa, nítorí pé nínú ìfò rẹ̀ àkọ́kọ́ láti inú bàlúùnù gíga nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1959, páráṣúùtù kékeré tí ó yẹ kí ó mú un dúró ṣinṣin jáde kí àkókò rẹ̀ tó pé, ó wé mọ́ ọn lọ́rùn, ara rẹ̀ sì yí débi tí ó fi dákú. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣí páráṣúùtù fúnra rẹ̀ ni ó gbà á là. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ó padà lọ láti mítà bíi 31,300. Nígbà tí Felix Baumgartner, ọmọ ilẹ̀ Austria, fò láti mítà 38,969 lókè Roswell ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá ọdún 2012, Kittinger yìí kan náà ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀. Kíki afẹ́fẹ́ ní ibi gíga yẹn kò tó ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ti etí òkun, eré Baumgartner sì lọ sókè dé kìlómítà 1,357.6 ní wákàtí kan, èyí tí ó kọjá eré ohùn, òun náà sì yí pòòyì lọ́nà tí ó lè pa á kí ó tó rí afẹ́fẹ́ tí ó ki tó láti fi dá ara rẹ̀ dúró. Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí nínú ìtàn yìí ju gíga àti eré lọ ni pé nígbà tí Baumgartner dé ibi tí olùfò gbogbo ti máa ń ṣí páráṣúùtù, eré rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀ dé ìwọ̀n eré tiwọn, láìjẹ́ pé ó fa okùn kankan. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ìtàn páráṣúùtù jẹ́ ìtàn àwọn tí wọ́n fi ara wọn dán an wò, àwọn mìíràn pẹ̀lú ẹ̀mí wọn. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá ọdún 1797, André-Jacques Garnerin gba inú bàlúùnù kan sọ̀kalẹ̀ sí Parc Monceau ní Paris lábẹ́ aṣọ sẹ́dà, ó sì dé ilẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n agbọ̀n tí ó wà nínú rẹ̀ fì síwá sẹ́yìn débi pé èébì gbé e. Ohun tí ó ń fì í ni afẹ́fẹ́ tí ó há sábẹ́ aṣọ náà, tí kò rí ibi jáde ju etí rẹ̀ lọ, tí ó sì ń yọ́ jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú èkejì. Àbá tí a gbà pé onímọ̀ ìràwọ̀ náà, Lalande, ni ó mú wá, pé kí a dá ihò sí àárín gbùngbùn orí aṣọ, ni ó yanjú rẹ̀. Robert Cocking, ní London ní ọdún 1837, gba ọ̀nà mìíràn: ó dojú aṣọ náà dé, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, ó sì tọ̀nà pé irú èyí kì í fì, ṣùgbọ́n ohun èlò náà wúwo jù, ó wó lójú òfuurufú, Cocking sì kú. Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀, nítorí ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè kan ṣoṣo tọ̀nà. Ìbéèrè yòókù ni kò bi ara rẹ̀.

Franz Reichelt ni a lè bá wí. Aránṣọ ni ní Paris, ó rán aṣọ àwọ̀lékè kan tí yóò di páráṣúùtù bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá bẹ́ sílẹ̀, ó sì gba àṣẹ láti fi ère dán an wò láti orí ilé gogoro Eiffel. Nígbà tí ó débẹ̀ ní ọjọ́ 4, oṣù Kejì ọdún 1912, òun fúnra rẹ̀ ni ó gun orí àga, tí ó sì bẹ́ láti gíga mítà 57. Gíga náà kì í fúnni ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, eré ara kò sì tíì pọ̀ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣubú láti fi agbára ṣí aṣọ tí ó nípọn bẹ́ẹ̀. Ká ní ó bẹ́ láti mítà 1,000, ó ṣeé ṣe kí aṣọ náà rí àyè ṣí díẹ̀. Ibi tí ó sún mọ́ ilẹ̀ ni ó yàn nítorí pé ó dà bí ẹni pé ewu ibẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ ni òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Àṣìrò yìí ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, tí wọ́n ń fi ojú ẹni tí ó dúró lórí àkàsọ̀ wo gíga.

Èrò kan tún wà tí ó pẹ́ kí ó tó kú, èyíinì ni pé ẹni tí ó bá ń jábọ́ láìsí páráṣúùtù lókè orí rẹ̀ yóò dákú, tàbí pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè dé ibi okùn. Nítorí rẹ̀, okùn tí a so mọ́ ọkọ̀ ni ó máa ń fa páráṣúùtù ṣí, ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun ṣì ń lò títí di òní. Georgia Broadwick, obìnrin kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tiny, ti já irú okùn bẹ́ẹ̀ ní San Diego ní ọdún 1914 nígbà tí ó fẹ́ wé mọ́ ìrù ọkọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí páráṣúùtù. Síbẹ̀, orúkọ Leslie Irvin ni ó wà lẹ́nu púpọ̀, ẹni tí ó fò ní McCook Field nítòsí Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin ọdún 1919, tí ó fa okùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ níwájú àwọn ológun, tí ó sì dá ọrùn ẹsẹ̀ nígbà tí ó balẹ̀. Ìdájọ́ ìtàn kò ṣe déédéé níbí, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjèèjì fi hàn kan náà ni: ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ nígbà ìjábọ́, ọwọ́ sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Aṣọ róbótó tí Garnerin àti Irvin lò kò ṣe ju pé kí ó ta ko afẹ́fẹ́ lọ. Atẹ́gùn ni ó ń pinnu ibi tí yóò gbé ènìyàn lọ. Domina Jalbert, ọmọ bíbí Quebec tí ó ṣiṣẹ́ ní Florida, ni ó yí èyí padà láàárín ọdún 1960 sí 1969 pẹ̀lú aṣọ onígun mẹ́rin alápò púpọ̀, tí iwájú àpò kọ̀ọ̀kan ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ó sì há síbẹ̀, kí aṣọ tí kò ní egungun kankan lè le, kí ó sì gba ìrísí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í kàn ń já wálẹ̀. Ó ń fò síwájú tó mítà 2 sí 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá sọ̀kalẹ̀, olùfò sì lè darí rẹ̀ pẹ̀lú okùn méjì tí a so mọ́ etí ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìṣòro tí ìyẹ́ aláṣọ yìí mú wá ni pé ó ń yára ṣí jù. Bí eré olùfò bá ní láti dín kù láti mítà 54 sí mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí èyí sì ṣẹlẹ̀ láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, agbára tí yóò dé bá ara rẹ̀ á tó ìlọ́po 50 ìwúwo rẹ̀, èyí tí egungun kò lè gbà, tí aṣọ náà pàápàá kò sì lè gbà. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 3, agbára náà kò ní ju bí ìlọ́po 3 lọ ní ìpíndọ́gba. Ohun tí ó ń ra ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta náà kéré débi pé àlejò kì í kíyè sí i: aṣọ pẹlẹbẹ kan onígun mẹ́rin, tí òrùka irin wà ní igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo okùn páráṣúùtù sì gba inú òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá. A máa ń tì í sókè mọ́ abẹ́ aṣọ ńlá nígbà tí a bá ń ká a. Bí aṣọ ńlá bá fẹ́ tàn, á ní láti ti aṣọ kékeré yìí wálẹ̀ lójú okùn, afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀ sì ń tì í padà sókè. Eré tí ó pọ̀ ni ó ń dá a dúró, bí eré bá sì ti ń rọlẹ̀ ni ó ń yọ̀ǹda. Nínú gbogbo ohun èlò iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tí ó fi físíìsì ṣiṣẹ́ lọ́nà tí ó dára tó o, kò sì ní bátìrì kankan.

Àpò tí olùfò gbé sẹ́yìn ní páráṣúùtù méjì nínú, àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ àti ti ìpamọ́ lókè. Láti ṣí ti àkọ́kọ́, ó ń fa ọmọ páráṣúùtù kan jáde láti ìdí àpò, ó ń jù ú sínú afẹ́fẹ́, èyí sì ń fa okùn tí ó pa àpò dé, lẹ́yìn náà ó ń fa aṣọ ńlá jáde. Bí aṣọ ńlá kò bá ṣí dáadáa, bí okùn rẹ̀ bá lọ́ pọ̀ tàbí tí ó ń yí pòòyì láìgbọ́ràn, olùfò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá kí ó tó ṣí èkejì, nítorí pé bí méjèèjì bá wé mọ́ ara wọn, kò sí ẹ̀kẹta. Ní àtijọ́, èjìká kọ̀ọ̀kan ní ìdè tirẹ̀ tí a ní láti tú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tí wọ́n tú ọ̀kan tí èkejì kọ̀ láti tú kò sì kéré. Bill Booth, ní Florida, ni ó mú òrùka mẹ́ta wá ní nǹkan bí àárín ọdún 1970 sí 1979: òrùka ńlá, òrùka agbedeméjì àti òrùka kékeré tí a kì bọ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dín agbára kù fún èyí tí ó tẹ̀ lé e, débi pé okùn tín-ín-rín kan ni ó ń di gbogbo rẹ̀ mú, ìfà kan ṣoṣo ní apá ọ̀tún àyà sì ń tú èjìká méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ òsì ni ó wá ń fa ti ìpamọ́.

Fún ẹni tí ó dákú, tàbí tí ó gbàgbé ara rẹ̀, ẹ̀rọ CYPRES tí ilé-iṣẹ́ Airtec ní Jámánì gbé jáde ní ọdún 1991 ń dúró nínú àpò náà. Ó ń fi ìwúwo afẹ́fẹ́ mọ gíga, ó sì ń ṣírò eré láti inú bí ìwúwo náà ti ń yí padà. Bí olùfò bá dé nǹkan bíi mítà 225 sí ilẹ̀ tí eré rẹ̀ ṣì ju mítà 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ọ̀bẹ kékeré kan á gé okùn tí ó pa páráṣúùtù ìpamọ́ dé. Ní eré òpin, mítà 225 kì í ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ. Olùkọ́ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbára lé ẹ̀rọ náà, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí kò sí àyè fún ìgbìyànjú kejì.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí ó gbilẹ̀ jù lọ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1981: akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan lórí ilẹ̀, olùkọ́ méjì á sì di aṣọ rẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú ìjábọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà olùkọ́ kan, lẹ́yìn náà òun nìkan. Ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn olùfò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, USPA, ń fúnni ń béèrè ìfò 25. Àwọn ilé tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lọ sókè nínú ihò gíga kan ti mú kí kíkọ́ bí a ti ń dúró lórí afẹ́fẹ́ rọrùn gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ní àbùkù kan tí a kì í sábà sọ: kò sí gíga nínú wọn. Ẹni tí ó kọ́ ọgbọ́n ara níbẹ̀ láìkọ́ àṣà wíwo aago gíga tí ó wà lọ́rùn ọwọ́ kò tíì kọ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ àṣà náà ni pé ojú ènìyàn kò mọ gíga láti òkè. Ní mítà 3,000, ilẹ̀ dà bí àwòrán tí kò mira, ó sì lè pẹ́ kí ó tó hàn gbangba pé ó ń sún mọ́ni. Nítorí náà ni a ṣe ń pinnu gbogbo nǹkan ṣáájú: gíga tí a ó ṣíwọ́ gbogbo ìṣe mìíràn, gíga tí a ó ṣí páráṣúùtù, àti gíga tí a kò gbọdọ̀ kọjá kí a tó pinnu láti kọ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. USPA fi èyí tí ó kẹ́yìn yìí sí nǹkan bíi mítà 760 fún akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ á gbé e kọ́ sínú bẹ́líìtì lórí ilẹ̀, á fi àwòrán páráṣúùtù tí ó bàjẹ́ hàn án, akẹ́kọ̀ọ́ á sì fa ọ̀tún, á fa òsì, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, títí tí ọwọ́ á fi mọ ọ̀nà náà láìdúró de èrò. Ó máa ń sú wọn. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí a mọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó ní mítà 760, tí kò sí aṣọ gidi kan lókè orí rẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá 14.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ènìyàn á retí pé ikú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú iṣẹ́ náà. Ó ti dín kù lóòótọ́. USPA ka ikú 10 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, nínú ìfò tí a fojú dá sí mílíọ̀nù 3.65. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń pa àwọn olùfò ti yí padà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kú láti ìgbà tí àwọn ohun èlò wọ̀nyí ti dára kú lábẹ́ páráṣúùtù tí ó ṣí dáadáa, tí kò ní ìbàjẹ́ kankan, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n balẹ̀. Booth fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ohun èlò bá ti ń dáàbò boni sí i ni àwọn olùfò yóò máa wá ewu tuntun kún un, kí iye àwọn tí ó ń kú má bàa yí padà. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti pẹ́ lórí pápá kò rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Ewu tuntun náà jẹ́ ti aṣọ kékeré. Bí a bá fi ìwọ̀n olùfò àti ẹrù rẹ̀ ní póùn pín sí ìbú aṣọ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, iye tí a rí ń sọ bí páráṣúùtù náà yóò ti yára tó. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, kò yẹ kí ó kọjá 1. Ẹni tí ó wọ̀n tó póùn 180 pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, tí ó sì gbé aṣọ ẹsẹ̀ bàtà 120, ti wà ní 1.5, eré rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí ó bá fa okùn ìdarí kan láti yí, aṣọ náà á dà sí ẹ̀gbẹ́, apá kan nínú agbára tí ó ń gbé e sókè á di èyí tí ó ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ó ń já wálẹ̀ kíákíá títí tí yóò fi tún dọ́gba. Ní mítà 300, kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ní mítà 30, ilẹ̀ á ti dé kí ó tó dọ́gba. Òtútù, ooru àti gíga ibi tí pápá wà ń kó ipa tiwọn pẹ̀lú. Ní Johannesburg, tí ó ga ju mítà 1,700 lọ sí etí òkun, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, aṣọ kan náà sì ń yára balẹ̀ ju bí ó ti ń ṣe ní etíkun Florida lọ.

Ohun tí ó sábà máa ń fa yíyí náà ni pé olùfò pẹ́ kí ó tó rí i pé ẹ̀yìn òun ni atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọjú sí atẹ́gùn nígbà ìbalẹ̀, òun sì tọ̀nà: bí páráṣúùtù bá ń fò ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní 15, ẹni tí ó kọjú sí atẹ́gùn á kan ilẹ̀ ní 25, ẹni tí ó kẹ̀yìn sí i á kàn án ní 55, agbára tí ó wà lára ẹni kejì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá balẹ̀ ní 55 lábẹ́ aṣọ tí ó dọ́gba, tí ó fa okùn méjèèjì wálẹ̀ papọ̀ ní àkókò, tí ó fi ẹsẹ̀ àti orúnkún pọ̀, tí ó sì yí gbirigbiri lórí ilẹ̀, lè fi ẹsẹ̀ tàbí ọrùn ọwọ́ ṣèṣe. Ẹni tí ó yí ní mítà 30 ni a máa ń sin. Ìmọ̀ yìí kò le, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kà á jáde láìsí àṣìṣe nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà lójú òfuurufú, níbi tí ìtìjú pé àwọn ènìyàn yóò rí i tí òun ń ṣubú lulẹ̀ ti ń bá ọpọlọ jà.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba nìkan ni ó lè ká páráṣúùtù ìpamọ́, pé kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 180 lọ kí ó tó tún un ká, pé kí ó fi èdìdì rẹ̀ sí i, kí ó sì kọ ọjọ́ náà sínú káàdì tí ó ń bá àpò rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, níbikíbi tí ó bá wà, kí ó tó san owó, kí ó ní kí wọ́n fi káàdì irú bẹ́ẹ̀ han òun, kí ó wo ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀, kí ó béèrè bóyá ẹ̀rọ tí ó ń ṣí páráṣúùtù fúnra rẹ̀ wà nínú àpò náà àti bóyá ó tàn, kí ó sì béèrè bí aṣọ tí wọn yóò fún òun ti tóbi tó. Bí ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí bá bí wọn nínú níbẹ̀, kí ó gba ilé rẹ̀ lọ.